Kí Ẹ Tó San Owó Ìwọlé: Ohun Tí Òfin Maryland Sọ Nípa Ibùgbé Ìtọ́jú Àìdáwọ́dúró fún Àwọn Àgbà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wọ Ìpínlẹ̀ Maryland nígbà èwe wọn ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà báyìí. Àwọn kan ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn mìíràn ti mú òbí wọn wá láti Nàìjíríà kí wọ́n lè máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Bí agbára bá ti ń dínkù, ìbéèrè kan a máa dìde tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: ta ni yóò tọ́jú wa, níbo ni a ó sì máa gbé? Nínú àwọn ìdáhùn tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí, ọ̀kan wà tó ń béèrè owó ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì lè so ènìyàn pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ kan fún ìyókù ayé rẹ̀. Òun ni ibùgbé ìtọ́jú àìdáwọ́dúró. Orúkọ tí ẹ ó bá pàdé nínú ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni continuing care retirement community, tí wọ́n ń ké kúrú sí CCRC.

A kọ ìtọ́sọ́nà yìí láti ṣàlàyé ohun tí irú ibùgbé bẹ́ẹ̀ jẹ́, ohun tí òfin ìpínlẹ̀ wa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń dá a sílẹ̀, àti ohun tí òfin náà fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin fúnra yín láti yẹ̀wò. Kókó kan ṣoṣo la fẹ́ kí ó yé gbogbo ìdílé tó bá kà á: ìjọba ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìjọba kò ṣe onídùúró fún un. Ìwé àdéhùn tí ẹ bá fọwọ́ sí ni yóò sọ ohun tó jẹ́ tiyín àti ohun tí kì í ṣe tiyín.

Kí ni ibùgbé ìtọ́jú àìdáwọ́dúró?

Ẹ fojú inú wo ọgbà ńlá kan tí oríṣi ibùgbé mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Èkíní ni ilé fún àgbà tí ara rẹ̀ ṣì le, tó ń dáná fúnra rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀, tó sì ń jáde tó ń wọlé bó ti wù ú. Èkejì ni ibùgbé ìrànlọ́wọ́, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ran àgbà lọ́wọ́ láti wẹ̀, láti wọṣọ àti láti lo oògùn rẹ̀ lásìkò. Ẹ̀kẹta ni ilé ìtọ́jú tí nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ sí nọ́ọ̀sìn hóòmù. Àgbà a máa wọlé nígbà tí ara rẹ̀ ṣì yá. Bí àìlera bá dé, a ó ṣí i lọ sí apá tó bá ipò rẹ̀ mu nínú ọgbà kan náà. Èyí wúlò púpọ̀ fún tọkọtaya. Bí bàbá bá nílò ìtọ́jú nọ́ọ̀sì, tí ara ìyá sì le, ìyá lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ kí i láràárọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e.

Òfin Maryland tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ yìí wà nínú abala tí wọ́n ń pè ní Human Services Article, Title 10, Subtitle 4. Gẹ́gẹ́ bí òfin náà ti wí, ìtọ́jú àìdáwọ́dúró ni kí ilé-iṣẹ́ kan pèsè ibùgbé pẹ̀lú ìtọ́jú ìṣègùn, ìtọ́jú nọ́ọ̀sì tàbí àǹfààní mìíràn tó jẹ mọ́ ìlera, fún ẹni tó ti pé ọmọ 60 ọdún ó kéré tán, tí kì í ṣe ẹbí ilé-iṣẹ́ náà, fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tàbí fún àkókò tó ju ọdún kan lọ, lábẹ́ àdéhùn alákọsílẹ̀ tó béèrè owó ìwọlé tàbí pé kí ènìyàn fi dúkìá lélẹ̀. Owó ìwọlé ni àmì tí ẹ ó fi dá a mọ̀. Àwọn ilé ìtọ́jú kéékèèké tó wà káàkiri àdúgbò, tí wọ́n ń gba owó oṣooṣù nìkan, wà lábẹ́ òfin mìíràn, a kò sì sọ̀rọ̀ nípa wọn níhìn-ín.

Ìlérí ni ẹ ń rà

Àwa Yorùbá mọ ilé gẹ́gẹ́ bí ogún. Ẹni tó bá fi owó ńlá lélẹ̀ kí ó tó wọ ilé, ohun tí ẹbí rẹ̀ yóò rò ni pé ó ti ra ilé, àti pé ilé náà yóò di ti àwọn ọmọ lẹ́yìn ọjọ́ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn àdéhùn wọ̀nyí, kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ìwọlé kò sọ yín di onílé. Ẹ kò lè ta ilé náà, ẹ kò lè fi yáwó ní báńkì, ẹ kò sì lè fi sínú ìwé ìhágún fún ọmọ.

Ohun tí owó náà rà ni ìlérí: pé a ó fún yín ní ibi tí ẹ ó máa gbé, pé bí ara bá di ahẹrẹpẹ, ìtọ́jú tí àdéhùn sọ yóò wà fún yín. Lẹ́yìn owó ìwọlé, ẹ ó tún máa san owó oṣooṣù, èyí tó lè lọ sókè lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ àgbà ni wọ́n ń ta ilé tí wọ́n ti ń gbé kí wọ́n tó lè rí owó ìwọlé san. Lójú òfin Maryland, kí a tó lè ka owó kan sí owó ìwọlé, ó gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta owó oṣooṣù ní ìpíndọ́gba. Ní ojú ayé, ó sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ìlérí bá wọ gbèsè ní ọdún kẹwàá, ẹni tó wà nínú ewu ni àgbà ẹni 85 ọdún tí kò ní ilé mọ́, tí kò sì lágbára láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́tun. Ìdí nìyí tí ìjọba kò fi lè fọwọ́ lẹ́rán.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí

Ní Ìpínlẹ̀ California, ilé-iṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Pacific Homes, tó ní àjọṣe pẹ̀lú Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ó ní ibùgbé àgbà ní California, Arizona àti Hawaii. Ó ta ìtọ́jú títí dọjọ́ ikú fún àwọn àgbà fún iye owó tí a ti là kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà náà pẹ́ láyé ju bí ilé-iṣẹ́ náà ti ṣírò lọ, gbogbo nǹkan gbówó lórí, àdéhùn kò sì gbà kí ó fi kún iye tí wọ́n ti san. Ilé-iṣẹ́ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ìwọlé àwọn àlejò tuntun tọ́jú àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1977, ó kéde níwájú ilé-ẹjọ́ pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Àwọn olùgbé pe ẹjọ́, wọ́n sì yanjú rẹ̀ ní 1980 pẹ̀lú owó tó tó mílíọ̀nù 21 dọ́là.

Ìpínlẹ̀ wa náà ní ìrírí tirẹ̀. Erickson Retirement Communities bẹ̀rẹ̀ ní Catonsville ní 1983, nígbà tí wọ́n sọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà àtijọ́ kan di ibùgbé àgbà tí ń jẹ́ Charlestown. Ó gbòòrò dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, ó sì yá owó púpọ̀ láti fi kọ́lé. Nígbà tí ọjà ilé dẹnu kọlẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà, àwọn àgbà tó fẹ́ wọlé kò rí ẹni ra ilé tí wọ́n ń gbé, wọn kò sì rí owó ìwọlé san. Ní oṣù kẹwàá 2009, ilé-iṣẹ́ náà wọ ilé-ẹjọ́ láti tún gbèsè rẹ̀ tò. Ní 2010, olówó mìíràn gbà á. Àwọn olùgbé ń bá a lọ láti gbé nínú ilé wọn, ìtọ́jú wọn kò sì dúró, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi wà nínú àníyàn nípa owó tí a ṣèlérí láti dá padà fún wọn.

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan náà. Ilé-iṣẹ́ lè ní èrò rere, kí ọgbà rẹ̀ sì lẹ́wà, kí ìṣirò rẹ̀ má sì pé. Ní 2010, Government Accountability Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò ìnáwó ìjọba, ròyìn pé ìpínlẹ̀ 38 ló ní òfin kan tàbí òmíràn lórí irú ibùgbé yìí. Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ kan ṣoṣo tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní Pennsylvania àti Florida, àwọn tó ń ṣàkóso inṣọ́ránsì ló ń mójútó o. Ní California, ẹ̀ka ìgbáyé-gbádùn ni. Ní New York, ẹ̀ka ìlera ló ń ṣáájú. Ní Maryland, ọwọ́ Maryland Department of Aging ló wà, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Bí ọmọ yín bá ń wá ibùgbé fún yín ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ààbò tí a fẹ́ kà sílẹ̀ yìí yóò bá yín dé ibẹ̀.

Ohun tí òfin Maryland béèrè kí ilé-iṣẹ́ tó ṣílẹ̀kùn

Ẹnikẹ́ni kò lè dédé kọ́lé kí ó sì máa gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ó ní láti kọ́kọ́ fi ìwádìí hàn fún Department of Aging, èyí tí yóò fi hàn pé àwọn tó nílò ibùgbé náà wà, pé owó tí wọn yóò san àti owó tí a ó ná bá ara wọn mu, àti pé ibùgbé náà lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìfọwọ́sí ìwádìí yìí ni yóò tó béèrè fún ìwé-ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́-bẹ̀rẹ̀, tí yóò fún un láǹfààní láti bá àwọn àgbà ṣe àdéhùn. Ìwé-ẹ̀rí mìíràn tún wà tó gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Owó tí àwọn àgbà bá san sílẹ̀ ní àkókò yìí kò gbọdọ̀ wọ àpò ilé-iṣẹ́ náà tààrà. A ó fi í pamọ́ sọ́wọ́ ẹni kẹta, tí kò ní tú u sílẹ̀ títí tí ohun tí òfin béèrè yóò fi pé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi owó ìwọlé ránṣẹ́ sí àkáǹtì tirẹ̀ nígbà tí kò tíì sí ìwé-ẹ̀rí kankan, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀. Ẹ pe Department of Aging lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun tí òfin béèrè lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ bá ti ṣílẹ̀kùn

Lọ́dọọdún ni ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tún ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ṣe, kí ó sì fi ìwé owó rẹ̀ tí ayẹ̀wéwò ti fọwọ́ sí ránṣẹ́ sí Department of Aging. Ó gbọ́dọ̀ ní owó ìpamọ́ tó tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́dún. Ní kúkúrú, bí owó kò bá wọlé mọ́ lónìí, owó ìpamọ́ yìí yẹ kí ó lè gbé ibùgbé náà dé bí oṣù mẹ́ta, kí ìjọba àti àwọn olùgbé lè ráyè wá ọ̀nà àbáyọ.

Òfin tún fún àwọn olùgbé ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó ń lọ. Ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ pe ìpàdé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo olùgbé, kí aláṣẹ rẹ̀ kan ròyìn bí nǹkan ṣe ń lọ, kí ó sì dáhùn ìbéèrè. Níbi tí ilé-iṣẹ́ bá ní ìgbìmọ̀ alákòóso, òfin pèsè fún àwọn olùgbé láti ní ẹnì kan tó ń ṣojú wọn lórí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìlànà alákọsílẹ̀ tí olùgbé lè fi gbé ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ kalẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ lé olùgbé jáde láìsí ìdí tó tọ́ lábẹ́ òfin.

Ẹ rántí pé Department of Aging ń wo ọ̀rọ̀ owó àti àdéhùn. Ìtọ́jú fúnra rẹ̀, yálà ní ibùgbé ìrànlọ́wọ́ tàbí ní ilé ìtọ́jú nọ́ọ̀sì, ní ẹ̀ka mìíràn tó ń fún un ní ìwé àṣẹ tó sì ń bẹ̀ ẹ́ wò: Office of Health Care Quality, tó wà lábẹ́ ẹ̀ka ìlera ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ irú ibùgbé bẹ́ẹ̀ ní láti wádìí lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì.

Ohun tí ìwé-ẹ̀rí ìjọba kò sọ

Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà. Bí òṣìṣẹ́ tó ń tajà bá fi ìwé-ẹ̀rí tó gbé àmì ìjọba Maryland hàn yín, ohun tí ìwé náà sọ ni pé ilé-iṣẹ́ náà ti ṣe ohun tí òfin béèrè kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Kò sọ pé ìjọba dá yín lámọ̀ràn láti wọlé. Kò sọ pé gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ nípa ara rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Kò sì sọ pé bí ilé-iṣẹ́ bá wọ gbèsè, ìjọba yóò san owó yín padà. Ìjọba àpapọ̀ ń dúró fún owó tí ènìyàn fi sí báńkì dé iye kan. Kò sí irú ìdúró bẹ́ẹ̀ fún owó ìwọlé.

Dípò ìdúró, ohun tí òfin fi lé yín lọ́wọ́ ni ìmọ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé ìṣípayá lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí àwọn tó ni ilé-iṣẹ́, àwọn tó ń darí rẹ̀, ìwé owó rẹ̀, àti bí owó tí àwọn olùgbé ń san ti ń lọ sókè. Ìwé náà nípọn, èdè rẹ̀ sì le. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú mú yín sọ pé ẹ ti kà á nígbà tí ẹ kò tíì kà á. Ẹ fún ọmọ tó mọ ìṣirò, ẹ fún agbẹjọ́rò, kí wọ́n bá yín kà á.

Oríṣi àdéhùn mẹ́ta

Ìyàtọ̀ láàárín àwọn àdéhùn wà lórí ẹni tí yóò ru ẹrù owó bí àìsàn bá pẹ́ lára àgbà.

Nínú oríṣi àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní Type A tàbí life care, owó ìwọlé a máa ga, ṣùgbọ́n bí àgbà bá ṣí lọ sí ilé ìtọ́jú nọ́ọ̀sì, owó oṣooṣù rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń san tẹ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ló ru ẹrù náà. Nínú oríṣi kejì, Type B, owó ìwọlé kéré sí i, ilé-iṣẹ́ a sì pèsè iye ọjọ́ ìtọ́jú kan tàbí kí ó dín owó ìtọ́jú kù. Lẹ́yìn ìyẹn, àgbà yóò máa san èyí tó kù. Nínú oríṣi kẹta, Type C, owó ìwọlé lè kéré jù lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá nílò ìtọ́jú ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í san iye tí ìtọ́jú bá ń lọ lọ́jà. Ẹ̀yin lẹ ru ẹrù náà.

Kò sí èyí tó burú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó burú ni kí ènìyàn san owó ọ̀kan kí ó sì máa retí àǹfààní òmíràn.

Owó àdápadà: ibi tí ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀

Bí olùgbé bá kú tàbí bí ó bá jáde, èló ni yóò padà sọ́wọ́ rẹ̀ tàbí sọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, ìgbà wo sì ni? Ẹ jẹ́ kí a fi owó 300,000 dọ́là ṣe àpẹẹrẹ lásán. Bí àdéhùn bá sọ pé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ni a ó dá padà, owó náà jẹ́ 270,000 dọ́là. Bí àdéhùn mìíràn bá sọ pé owó tí a ó dá padà yóò máa fi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù lóṣooṣù, lẹ́yìn oṣù 20, ohun tó kù jẹ́ 180,000 dọ́là. Lẹ́yìn oṣù 50, kò ku nǹkan kan. Ibùgbé kan náà lè ta àdéhùn méjèèjì, èyí tó ń dá owó púpọ̀ padà sì máa ń wọ́n jù.

Ìbéèrè nípa ìgbà tún le ju ti iye lọ. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, ilé-iṣẹ́ kò ní san owó náà padà títí ẹlòmíràn yóò fi gba ilé tí olùgbé fi sílẹ̀, tí yóò sì san owó ìwọlé tirẹ̀. Bí ọjà bá kú, ẹbí lè dúró pẹ́. Bí àgbà bá sì ti kúrò ní ilé rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ sí apá ìtọ́jú nọ́ọ̀sì, ẹ béèrè bóyá ìgbà tó ṣí kúrò ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ni, tàbí ọjọ́ ikú. Gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìwé àdéhùn ló máa ń pinnu èyí. Ẹ wá a rí kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Medicare àti Medicaid

Ọ̀pọ̀ ìdílé gbà pé Medicare yóò san owó nọ́ọ̀sìn hóòmù títí ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àgbà bá kọ́kọ́ lo ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán gẹ́gẹ́ bí aláìsàn tí a gbà wọlé ní ilé ìwòsàn, tí ó sì nílò ìtọ́jú àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, Medicare lè kópa nínú owó rẹ̀ dé 100 ọjọ́, tí àgbà náà yóò sì máa dá owó sí i láti ọjọ́ 21. Kì í san owó ìrànlọ́wọ́ ojoojúmọ́ tó jẹ́ wíwẹ̀, wíwọṣọ àti jíjẹun nìkan. Àlàfo yìí gan-an ni ibùgbé ìtọ́jú àìdáwọ́dúró ń ṣèlérí láti dí.

Medicaid ní tirẹ̀ a máa wo dúkìá ènìyàn kí ó tó ràn án lọ́wọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2006 sọ pé a lè ka owó ìwọlé mọ́ dúkìá àgbà bí ohun mẹ́ta bá pé: bí a bá lè lò ó láti san owó ìtọ́jú rẹ̀, bí ó bá lè rí èyí tó kù gbà padà nígbà tí àdéhùn bá parí tàbí nígbà tó bá kú, àti bí kò bá sọ ọ́ di onílé nínú ibùgbé náà. Òfin náà gba ilé-iṣẹ́ láàyè láti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kí àgbà kọ́kọ́ ná owó tó sọ pé òun ní nígbà tó ń wọlé kí ó tó béèrè fún Medicaid. Ẹni tó bá ń rò láti pín owó rẹ̀ fún àwọn ọmọ lẹ́yìn tó bá wọlé, kí ó kọ́kọ́ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ gba èsì rẹ̀ lákọsílẹ̀

Ẹ mú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lọ́wọ́ lọ bá ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ tó ń tajà kò tó. Ẹ ní kí ó fi ibi tí èsì wà hàn yín nínú ìwé àdéhùn.

1. Oríṣi àdéhùn wo ni èyí, kí sì ni owó oṣooṣù wa yóò jẹ́ bí ọ̀kan nínú wa bá ṣí lọ sí ilé ìtọ́jú nọ́ọ̀sì tí ẹnì kejì sì ṣẹ́kù sílé?
2. Èló ni owó oṣooṣù fi lọ sókè lọ́dọọdún láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn?
3. Èló ni a ó dá padà, ìgbà wo ni, orúkọ ta ni a ó sì kọ pé kí a san án fún?
4. Bí owó wa bá tán láìjẹ́ ẹ̀bi wa, ṣé a ó lé wa jáde, àbí ilé-iṣẹ́ ní owó ìrànlọ́wọ́ tó yà sọ́tọ̀?
5. Ta ni yóò pinnu pé àgbà kò lè dá gbé mọ́: òun fúnra rẹ̀, dókítà rẹ̀, tàbí ilé-iṣẹ́?
6. Bí kò bá sí àyè ní apá nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí a nílò rẹ̀, ibo ni a ó gbé àgbà lọ, ta ni yóò sì sanwó?
7. Bí a bá rin ìrìn-àjò lọ sí Nàìjíríà fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ṣé owó oṣooṣù yóò dínkù, ṣé a ó sì rí ilé wa bá?
8. Bí a bá yí ọkàn padà kí a tó kó wọlé, tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn tí a wọlé, èló ni a ó pàdánù?

Ọ̀rọ̀ sí àwọn ọmọ

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń ka ọ̀rọ̀ ibùgbé àgbà sí ohun ìtìjú, tí wọ́n fi ń yẹra fún un títí àìsàn yóò fi lé wọn dé bèbè. Àwa kò ní sọ fún ìdílé kankan ibi tí àgbà rẹ̀ yóò máa gbé. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ibùgbé wọ̀nyí máa ń yẹ ìlera àti owó ènìyàn wò kí wọ́n tó gbà á. Ẹni tó bá dúró títí kò fi lè dìde mọ́ lè má rí ààyè wọ inú àdéhùn tó dára. Iṣẹ́ ọmọ níbi yìí ni kí ó jókòó ti òbí, kí ó ka ìwé pẹ̀lú rẹ̀, kí ó túmọ̀ ohun tí kò yé e sí Yorùbá, kí ó sì rí i pé òbí fúnra rẹ̀ ló pinnu. Bí òbí bá fẹ́ yan ọmọ tí yóò máa fọwọ́ sí ìwé lórúkọ rẹ̀, kí a ṣe é lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò nígbà tí orí òbí ṣì pé.

Ibi tí ẹ lè yà sí

Department of Aging lè sọ fún yín bóyá ibùgbé kan ní ìwé-ẹ̀rí, ó sì ń gba ẹ̀sùn lórí àdéhùn. Maryland Access Point, tó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo káńtì, ń tọ́ àwọn àgbà àti ẹbí wọn sọ́nà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí gbogbo irú ìtọ́jú tó wà, títí kan èyí tí a lè gbà nínú ilé ara ẹni. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi ìyà jẹ àgbà tàbí wọ́n ń pa á tì ní ibùgbé ìrànlọ́wọ́ tàbí ní ilé ìtọ́jú nọ́ọ̀sì, ẹ pe alágbàwí ìpínlẹ̀ fún àwọn tó wà ní ilé ìtọ́jú, tí wọ́n ń pè ní Long-Term Care Ombudsman. Bí ẹ̀tàn bá wọ ọ̀rọ̀ owó, ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní ọ́fíìsì Attorney General ni kí ẹ kàn sí. Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè fún ògbufọ̀ Yorùbá nígbà tí ẹ bá pe ọ́fíìsì ìjọba, ẹ kò sì ní sanwó fún un.

Kò sí ibùgbé rere tí yóò bínú nítorí pé ẹ mú ìwé rẹ̀ lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì láti kà á. Èyí tó bá ń sọ pé òní ni àǹfààní parí, kí ẹ tètè sanwó, ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ wá òmíràn lọ.